Pọ́ǹpù Tí Kò Gbọdọ̀ Sùn Nílé

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Fẹ́yìsayọ̀ kò bi obìnrin tó ta pọ́ǹpù ọmú fún un. Ó bi í bóyá ẹ̀rọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó bi í bóyá bátìrì rẹ̀ ń pẹ́. Ó tilẹ̀ bi í bóyá ó ń pariwo, nítorí ògiri ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Eleko kò nípọn, àwọn aládùúgbò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò bi í pé ọmọ rẹ̀ ńkọ́.

"Kí ni mo fẹ́ béèrè ìyẹn fún?" ó wí fún mi nígbà tí mo lọ bá a níbi iṣẹ́ láti gbọ́ ìtàn rẹ̀. "Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Aṣọ ló ń fọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan létí òkun, níbi tí àwọn ará Lẹ́kkí ti máa ń wá sinmi ní òpin ọ̀sẹ̀. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, tówẹ̀lì, aṣọ ìrọ̀rí. Ọjọ́ Ajé ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń dí jù. Kò sí ẹni tó ń béèrè níbẹ̀ pé ta ló sùn sórí bẹ́ẹ̀dì yìí lánàá, tàbí kí ló ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn tó jí. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sè é bó bá yẹ ní sísè, wọ́n á fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ó di tuntun.

Oyún rẹ̀ kò dúró dé oṣù rẹ̀. Níbi tó ti ń sá aṣọ sórí okùn ni omi rẹ̀ ti bẹ́, máníjà òtẹ́ẹ̀lì ló sì fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn kan ní Àjáh. Ọmọkùnrin ni. Ó kéré débi pé Ṣẹ́gun, ọkọ rẹ̀, tó ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rù ní ọgbà ilé-iṣẹ́ Lẹ́kkí Free Zone, tó sì ń fi ọwọ́ kan gbé ohun tó tó ilé sókè lójoojúmọ́, kò gbà láti fọwọ́ kàn án. Wọ́n sọ ọ́ ní Olúwaṣemílóore. Inú àpótí gíláàsì tí ń mú ọmọ móoru ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, wọ́n sì ti rọ́bà tín-ín-rín kan gba imú rẹ̀ lọ sínú ikùn. Kò lè fa ọmú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò tíì lágbára. Ohun tí ìyá rẹ̀ bá fún sínú ìgò ni wọ́n á rọra máa kán gba inú rọ́bà náà.

"Ìyá Olóore," Nọ́ọ̀sì Akínọ̀ṣọ́ tó ń tọ́jú wọ́ọ̀dù náà wí fún un, "oògùn tí a ní fún irú ọmọ yìí kò pọ̀, omi ọmú yín sì wà lára èyí tó ṣe pàtàkì jù. Mílíìkì alágolo wà o, a ó lò ó bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ìfun ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kì í sábà gbà á dáadáa. Gbogbo ìgbà tó bá yẹ kí ọmọ jẹun, ẹ fún ọmú yín, ì báà ṣe ẹ̀kán kan ló máa jáde."

"Bí mi ò bá rí ẹ̀kán kankan ńkọ́, mà?"

"Ẹ ṣì fún un. Ọmú kò mọ̀ pé inú gíláàsì ni ọmọ wà. Bí kò bá rí ẹni fà á, á rò pé wọ́n ti já ọmọ lẹ́nu ọmú ni, á sì gbẹ."

Láti ọjọ́ náà, ohun kan ló wà lọ́kàn Fẹ́yìsayọ̀: kí ọmú rẹ̀ má gbẹ kí ọmọ tó lágbára láti fà á.

Bẹ́ǹṣì kan wà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù náà tí àwọn ìyá máa ń jókòó sí. Níbẹ̀ ló ti gbọ́ nípa pọ́ǹpù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún omi ọmú sínú ìgò, nítorí ìka lásán ló ti ń lò títí di ìgbà náà.

"Tèmi ń lo iná," obìnrin kan wí. "Ó ń dún bíi jẹnẹrétọ̀ kékeré. Ọkọ mi ní ṣé kí òun lọ ra epo sí i ni."

"Tìẹ ṣì dáa," èkejì dáhùn. "Èmi, ọwọ́ ni mo fi ń tẹ tèmi. Wo apá mi! Ó ti yi ju ti bíríkìlà lọ. Ẹni tó bá bú mi lásìkò yìí, ìgbájú kan ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi tí nọ́ọ̀sì fi yọjú síta. Fẹ́yìsayọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí òun rín láti ìgbà tí omi òun ti bẹ́ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Akínọ̀ṣọ́ sọ fún un pé kó wá èyí tó ń fún ọmú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ní bátìrì, nítorí iná. Ó ní kó rí i pé ẹnu pọ́ǹpù náà bá orí ọmú rẹ̀ mu. Ó ní bó bá jẹ́ àlòkù, kó pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tó ń kan ara àti èyí tí omi ọmú ń gbà kọjá, kó sì se ìyókù. Fẹ́yìsayọ̀ lọ sí kẹ́míìsì ńlá kan nítòsí bíríìjì Àjáh. Ó rí irú rẹ̀ nínú gíláàsì. Ó wo iye tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń tajà, ó jáde.

Orí fóònù, níbi tí àwọn èèyàn ti ń ta ohun àlòkù, ló ti wá rí ti Bàṣírát, obìnrin tó tà á fún un. Àwòrán rẹ̀ mọ́. Páálí rẹ̀ ṣì wà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò tíì pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, owó tí wọ́n ń pè é kò sì tó ìdajì ti tuntun.

Abraham Adésànyà Estate ni Bàṣírát ń gbé, òun àti ọkọ rẹ̀, Lateef. Báǹkì kan ní Lẹ́kkí ni Bàṣírát ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ilé ló wà lọ́jọ́ náà. Fẹ́yìsayọ̀ rántí pé ilé náà dákẹ́. Ó rántí pé obìnrin náà ti gbé pọ́ǹpù sórí tábìlì kí òun tó dé, pé ó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tò ó, ó tú u, ó tún kọ́ òun, ó tún tú u. Ó dín owó rẹ̀ kù láìjẹ́ pé Fẹ́yìsayọ̀ ná an.

"Ọmọ ńkọ́?" Bàṣírát bi í. "Ṣé ó ń gbìyànjú?"

"Inú gíláàsì ló ṣì wà, Àǹtí."

"Ọlọ́hun á dá a sí. Á mu ún yó." Ó di páálí náà mú díẹ̀ kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀," Fẹ́yìsayọ̀ wí fún mi. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni àwọn èèyàn ń dín owó nǹkan kù ní Àjáh, ilé tó dákẹ́ sì pọ̀ nínú àwọn ẹ́sítéètì wọ̀nyẹn.

Ó ra rọ́bà tuntun. Ó se ìyókù bó ṣe ń se tówẹ̀lì àlejò. Nígbà tó lo pọ́ǹpù náà fún ìgbà àkọ́kọ́, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ìgò méjèèjì, omi ọmú sì ń kán sínú wọn, ó ń kán títí ó fi di pé ó ń ṣàn. Ó pe ọkọ rẹ̀ pé kó wá wò ó.

"Háà! Màálù Fúlàní!" Ṣẹ́gun kígbe. "Ṣé kí n máa gbé wàrà lọ tà ní Free Zone ni?"

"Bàbá Olóore, ẹ jẹ́ kí ọmọ mu ún yó ná, kí ẹ tó di ọlọ́jà."

Kúlà kékeré ló fi ń gbé e lọ sí Àjáh. Èyí tó bá ṣẹ́ kù á wà nínú firíìsà tó ń bá aládùúgbò rẹ̀ pín. Nọ́ọ̀sì Akínọ̀ṣọ́ gbé ìgò kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó mirí, ó ní, "Èyí dára." Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ara ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwọ̀n, díẹ̀díẹ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ ta ògiri gíláàsì. Wọ́n mú àgolo mílíìkì tí wọ́n ti ń fi kún oúnjẹ rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà náà ni Ìyá Ṣẹ́gun dé láti Àkòdò.

Ó gbé abọ́ ìwẹ̀ kékeré dání, pẹ̀lú kàn-ìn-kàn-ìn titun, ọṣẹ dúdú àti òrí, nítorí ìyá ọkọ ló ń wẹ ọmọ tuntun. Kò sí ọmọ nílé láti wẹ̀. Ó kó wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ní wọ́n á wúlò. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, ó wọ sùtánà rẹ̀ wá láìwọ bàtà, ó sì kúnlẹ̀ gbàdúrà fún ọmọ náà kó tó mu omi. Bó ṣe ń dìde ló rí pọ́ǹpù lórí tówẹ̀lì funfun tí Fẹ́yìsayọ̀ sá a sí.

"Kí lèyí, ìyàwó mi?"

"Pọ́ǹpù ni, Màmá. Òun ni mo fi ń fún omi ọmú Olóore."

Màmá yí i padà lọ́wọ́. "Òyìnbó gbọ́n o. Tuntun ni?"

"Rárá, mà. Ọwọ́ ẹnì kan ní Abraham Adésànyà ni mo ti rà á. Kò tíì lò ó púpọ̀."

"Kò tíì lò ó púpọ̀." Màmá gbé e kalẹ̀. "Ìyá ìkókó wo ló ń ta ohun tí kò tíì lò púpọ̀? Àbí ó ti já ọmọ ni?"

"Mi ò béèrè, mà."

"O ò béèrè?"

"Mo sè é, Màmá. Rọ́bà rẹ̀ tuntun ni. Nọ́ọ̀sì náà mọ̀."

"Ṣé aṣọ òtẹ́ẹ̀lì ni ọmọ ọmọ mi ni? Pè é. Ṣí ohùn rẹ̀ síta kí n gbọ́."

Fẹ́yìsayọ̀ pè é. Bàṣírát gbé e lójú ẹsẹ̀.

"Ìyá Olóore! Ṣé kò yọ yín lẹ́nu? Ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà, Àǹtí. Ẹ ṣeun, mà. Ẹ jọ̀ọ́... tiyín ńkọ́? Ọmọ tiyín?"

Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn lọ́hùn-ún.

"Ó ti lọ," Bàṣírát wí. "Kò pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ má bínú. Ẹ ò bi mí, èmi náà ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́."

Màmá na ọwọ́, ó pa fóònù náà. Fẹ́yìsayọ̀ ní òun retí èpè, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò ṣépè. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ sídìí firíìsà, ó kó gbogbo ìgò omi ọmú tó wà níbẹ̀. Kò dà wọ́n sílẹ̀ lásán. Ó gbé wọn lọ sídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ilé, ó ṣí omi sí wọn lára títí wọ́n fi yọ́, ó sì ń dà wọ́n sínú gọ́tà pẹ̀lú omi tó ń ṣàn, nítorí èèrà kò gbọdọ̀ jẹ omi ọmú abiyamọ, kí ọmú rẹ̀ má baà gbẹ.

Ohun tó ṣòro fún Fẹ́yìsayọ̀ láti gbàgbé jù nìyẹn. Màmá ń da omi ọmú nù, ó sì ń ṣọ́ra kí ọmú má gbẹ.

Mo lọ bá Ìyá Ṣẹ́gun ní Àkòdò. Mo lọ pẹ̀lú ìbínú díẹ̀, mo sì rò pé mo mọ ohun tí mo máa bá níbẹ̀. Ó gbé àga fún mi. Ó ní kí òun tó bí Ṣẹ́gun, òun bí ọmọbìnrin kan. Aládùúgbò kan kó aṣọ ọmọ fún òun, aṣọ tó dára, tó mọ́, òun sì fi wọ̀ ọ́. Ọmọ náà ti ń jókòó kó tó kú. Lẹ́yìn ìsìnkú ni ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún òun pé aṣọ ọmọ tó kú ni.

Mo bi í bóyá àrùn èéyí tó ń pa ọmọdé wà nílùú lọ́dún náà.

"Ó wà," ó dáhùn. "Ọmọ tó kú pọ̀. Àwọn tí kò kú náà pọ̀. Ta ló yan tèmi?"

N kò gbà pé aṣọ ló pa ọmọ náà, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní ó dára, pé ẹni tí kò tíì sin ọmọ lè ní ìmọ̀ púpọ̀.

Nígbà tí Ṣẹ́gun ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ tí Màmá da omi ọmú náà nù, pọ́ǹpù ti wà nínú ọ̀rá dúdú lẹ́nu ọ̀nà. "Kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé yìí," ìyá rẹ̀ wí. "Gbé e lọ sọ sínú òkun."

Fẹ́yìsayọ̀ dìde. "Bàbá Olóore, ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà rí i bó ṣe ń jáde."

Ṣẹ́gun wo ìyá rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Màmá ti sọ̀rọ̀ tán, Fẹ́yì. A ó ra òmíràn." Ó gbé ọ̀rá náà, ó jáde.

Òmíràn tí wọ́n rí rà ni èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀, ọmú kan lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ó gbìyànjú. Lẹ́yìn náà àtàǹpàkò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó ń tẹ̀ ẹ́ nínú ọkọ̀ lábẹ́ ìbòrùn, ó ń tẹ̀ ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì, ó ń sùn lọ sórí rẹ̀. Oorun tó máa ń rí sùn tẹ́lẹ̀ láàárín ìfún kan sí òmíràn ti dínkù. Omi tó ń rí náà ń dínkù. Bẹ́ǹṣì tó máa ń pariwo bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ nígbà tó bá gbé ìgò rẹ̀ jáde, nítorí gbogbo ojú ló ń rí ìsàlẹ̀ ìgò náà.

"Èyí tó ní bátìrì dà?" Nọ́ọ̀sì Akínọ̀ṣọ́ bi í.

"Ó bàjẹ́, mà."

Mo bi í ìdí tó fi parọ́. Ó ní ojú ń ti òun. Ó ní òun kò fẹ́ kí nọ́ọ̀sì náà fojú ará oko wo ìyá ọkọ òun, obìnrin tó ń fi orúnkún gbàdúrà fún ọmọ òun láràárọ̀. "Ká ní mo sọ òótọ́ ni, wọn ì bá ti pe Màmá, wọn ì bá ti bá wọn sọ̀rọ̀. Bóyá..."

Wọ́n gbé àgolo mílíìkì padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, kí wọ́n fi kún ìwọ̀nba tí ìyá rẹ̀ ń gbé wá. Kò pẹ́ tí ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ikùn náà le, ó sì ń dán. Wọ́n dá oúnjẹ rẹ̀ dúró, wọ́n fi abẹ́rẹ́ oògùn sí i lára, dókítà wá, dókítà mìíràn tún wá. Olúwaṣemílóore kú ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ìyá rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń tẹ pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ náà lọ́wọ́.

Ṣé àìsí pọ́ǹpù ló pa á? Mo béèrè lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì Akínọ̀ṣọ́, mo sì fẹ́ kó dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò ṣe é. "Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń kú pẹ̀lú omi ọmú ìyá wọn nínú," ó wí. "Òmíràn ń yè lórí mílíìkì alágolo. Ohun tó lè ràn án lọ́wọ́ ò pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn la pàdánù. Ibi tí mo lè sọ ọ́ mọ nìyẹn."

Àwọn òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ wọn sí. Ìyá Ṣẹ́gun àti àwọn àgbà ìjọ rẹ̀ ló ṣe ètò náà. Nígbà tó padà dé, ó kó abọ́ ìwẹ̀, kàn-ìn-kàn-ìn, ọṣẹ àti òrí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ń sunkún, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé wọn.

Àwọn èèyàn ń wá kí Fẹ́yìsayọ̀. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," wọ́n ń wí fún un, bí wọ́n ṣe ń wí fún gbogbo ìyá tó bá pàdánù ọmọ kékeré. Ó ń dáhùn pé ẹ ṣeun. Ó ní bí òun bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, òun máa ń rí gọ́tà ìdí ẹ̀rọ omi láti ibẹ̀.

Ọmú tó ti ń gbẹ náà tún wá kún, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó pẹ́ dé òde. Nígbàkígbà tí ọmọ aládùúgbò bá ké, iwájú aṣọ rẹ̀ á tutù. Ọmú náà le, ó ń ta á, ara rẹ̀ gbóná. Ṣẹ́gun ń wò ó, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó gbé ọ̀rá dúdú kan sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Mo ní bóyá ó lè bá ọ dín ìrora náà kù."

Fẹ́yìsayọ̀ tú ọ̀rá náà. Pọ́ǹpù Bàṣírát ni.

"Ẹ ní ẹ ti sọ ọ́ sínú òkun."

"Mi ò lè sọ ọ́ nù. Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi níbi iṣẹ́."

"Láti ọjọ́ yẹn?"

Ṣẹ́gun mú ọ̀rá tó ti ṣófo náà, ó ń ká a.

"O mọ̀ pé ó wà níbẹ̀," Fẹ́yìsayọ̀ wí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, kò tíì pè é ní "o" rí. "Ò ń wo ọwọ́ mi bó ṣe ń wú. Ò ń bá mi fi omi gbígbóná jó o. O sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

"Bí mo bá gbé e padà wá, tí ọmọ sì wá kú ńkọ́? Kí ni mo máa sọ fún Màmá? Kí ni mo máa sọ fún ara mi?"

"Ó ti kú báyìí. Kí lò ń sọ fún ara rẹ?"

Ṣẹ́gun jáde lọ jókòó síta. Fẹ́yìsayọ̀ lo pọ́ǹpù náà lọ́jọ́ yẹn, nítorí ìrora kì í bá èèyàn bínú. Ó ní ìgò méjèèjì kún. Ó gbé wọn lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ṣí omi, ó dà á nù bí Màmá ṣe dà á.

Nígbà tí ọmú rẹ̀ gbẹ tán, ó gbé pọ́ǹpù náà lọ sí Abraham Adésànyà. Bàṣírát ṣí ilẹ̀kùn, ó rí páálí náà, ó sì mọ̀. Wọ́n jókòó.

"Wọ́n ní kí èmi náà sọ ọ́ nù," Bàṣírát wí. "Ìyá Lateef ní kí n fọ́ ọ. Mo rò ó pé bí ọmọ ẹlòmíràn bá yè lórí rẹ̀, gbogbo èèyàn á mọ̀ pé kì í ṣe pọ́ǹpù ló pa tèmi. Mo ń retí pé ẹ máa pè mí lọ́jọ́ kan, kẹ́ ẹ ní ọmọ yín ti ń rìn." Ó nu ojú rẹ̀. "Ó yẹ kí n sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rà á?"

Kò gbà á padà. Fẹ́yìsayọ̀ náà kò lè gbé e padà wọlé nítorí Màmá, kò sì lè sọ ọ́ nù. Òun náà bá gbé e sórí fóònù, níbi tó ti rí i. Ó ya àwòrán rẹ̀ lórí tówẹ̀lì òtẹ́ẹ̀lì, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó ń fún ọmú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, kí ẹni tó bá rà á pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó kọ ọ́ pé abiyamọ méjì ló ti lò ó, pé ọmọ méjèèjì kò sí mọ́, pé kì í ṣe pọ́ǹpù náà ló fà á.

Àwọn kan pè é láti bú u. Ẹnì kan ní ó ń wá ọmọ tí yóò jẹ ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni. Ọkùnrin kan fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè lo bátìrì rẹ̀ fún nǹkan mìíràn. Obìnrin kan wá láti Ṣàngótẹ́dó, ọmọ tirẹ̀ náà wà nínú gíláàsì. Ó ka ohun tí Fẹ́yìsayọ̀ kọ sí i, ó ní òun kì í ṣe ẹni tó ń bẹ̀rù nǹkan, ó rà á, ó gbé e lọ. Inú Fẹ́yìsayọ̀ dùn débi tó fi pe Bàṣírát. Ní ọjọ́ kejì, ọlọ́kadà kan gbé e padà wá nínú ọ̀rá. Obìnrin náà kò bá a wá, kò sì béèrè owó. Ó rán an pé kí wọ́n bá òun sọ fún àǹtí náà pé kì í ṣe òun, ìyá ọkọ òun ni.

Mo sọ fún Fẹ́yìsayọ̀ pé kó yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn náà, èyí tó sọ nípa ọmọ méjèèjì. Mo ní ẹ̀rọ ni, pé ẹni tó bá sè é, tó pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀, kò ní ìdí láti mọ̀. Mo ní ọmọ kan lè wà ní Àjáh lónìí tó nílò rẹ̀.

Aṣọ ìrọ̀rí ló ń ká lọ́wọ́. Ó ká a tán kó tó dáhùn.

"Kí ó sì rà á, kí omi máa ṣàn, kí ọmọ máa gba ìwọ̀n? Lọ́jọ́ kan ẹnì kan á jókòó tì í, á ní pè é, ṣí ohùn rẹ̀ síta kí n gbọ́." Ó mú òmíràn. "Mi ò fẹ́ kí fóònù mi dún bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ Ajé ni, àwọn àlejò ti lọ, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì sì kún ilẹ̀. Pọ́ǹpù náà wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀, nínú páálí rẹ̀, láàárín àwọn tówẹ̀lì mímọ́. Ibẹ̀ ló ń sùn, nítorí kò gbọdọ̀ sùn nílé. Láti ìgbà dé ìgbà, ó máa ń ki okùn rẹ̀ bọ iná òtẹ́ẹ̀lì kí bátìrì rẹ̀ má baà bàjẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ kí n lè gbọ́ ọ. Kò pariwo rárá.